Ọtí, Ooru àti Ẹ̀jẹ̀ Òkú: Bí A Ṣe Ń Wá Májèlé Rí ní Sabon Gari, Kánò

Ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń wá májèlé rí nínú ara alààyè tàbí òkú, kí ohun tí ó bá rí lè dúró bí ẹ̀rí níwájú adájọ́, ni a lè pè ní ìmọ̀ májèlé fún ìdájọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń dáhùn: kí ni ó wà nínú ara, báwo ni ó ṣe pọ̀ tó, àti ṣé ìwọ̀n náà tó èyí tí ó lè pa èèyàn tàbí tí ó lè dà á lórí rú. Ẹ̀rọ lè dáhùn méjì àkọ́kọ́ láìjanpata, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni ó ń fa àríyànjiyàn ní kóòtù, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ so mọ́ bí ooru ṣe mú tó, bí àkókò ṣe kọjá tó, àti irú ìgò tí wọ́n fi gbé ẹ̀jẹ̀ náà wá. Sabon Gari ní Kánò wà lára àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ ní Nàìjíríà, nítorí ibẹ̀ ni ooru, ọtí àti òfin ẹ̀sìn ti pàdé.

Nígbà tí ọ̀nà reluwé dé Kánò ní 1911, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ reluwé àti oníṣòwò tí wọ́n ti gúúsù wá, àwọn Hausa sì pè é ní Sabon Gari, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun. Orúkọ yìí náà ni Yorùbá gé kúrú sí Sábó, àfi pé Sábó Ìbàdàn jẹ́ ibùgbé àwọn Hausa, nígbà tí ti Kánò jẹ́ ibùgbé Yorùbá, Ìgbò àti àwọn àlejò mìíràn, tí òpópónà kan sì ń jẹ́ Yoruba Road níbẹ̀ di òní. Láti ìgbà tí ìpínlẹ̀ Kánò ti gba òfin Ṣaríà ní 2000, ọgọ́rin pàṣán ni ìyà Mùsùlùmí tí ó bá mu ọtí, àjọ Hisbah tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní 2003 a sì máa dá ọkọ̀ akẹ́rù bíà dúró lójú ọ̀nà. Ní oṣù Kọkànlá 2013, nǹkan bí ìgò bíà 240,000 ni wọ́n fọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ilé ọtí kò tán ní Sabon Gari. Nítorí náà, bí ìwé àyẹ̀wò bá sọ pé ọtí wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tí ó kú ní àdúgbò yìí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìṣègùn nìkan: fún Kristẹni, ó lè jẹ́ ìdí tí ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò fi kọ̀ láti sanwó fún ẹbí, fún Mùsùlùmí, àbùkù ni, ó sì jẹ́ ẹ̀sùn tí òkú kò ní ẹnu láti fi wẹ ara rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ wíwá ọtí rí kì í bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò. Ẹ̀gbẹ́ òkú ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà aláyẹ̀wò òkú tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn, nítorí pé lẹ́yìn ikú, ọtí àti oògùn tí ó ṣẹ́kù sínú ikùn àti ẹ̀dọ̀ a máa jò díẹ̀díẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nítòsí wọn, tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì ga ju bí ó ti rí nígbà tí ẹni náà wà láàyè. Inú iṣan ńlá itan, tí ó jìnnà sí ikùn, ni ó ti ń fa ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ alààyè ni, bí awakọ̀ tí ọlọ́pàá gbé wá sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn ìjàǹbá, nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ fi sípírítì nu apá rẹ̀ kí ó tó gún un lábẹ́rẹ́, nítorí pé ọtí ni sípírítì náà, agbẹjọ́rò tí ó bá sì gbọ́n yóò bi í léèrè ní kóòtù bóyá apá ni ọtí wà tàbí inú ẹ̀jẹ̀.

Ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ náà sí. Ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ìgò yìí, tí ẹni tí kò mọ̀ lè pè ní ìdọ̀tí kí ó sì ṣàn án dànù, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun náà ni olórí iṣẹ́ inú rẹ̀. Oríṣi méjì ni: potassium oxalate, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti sodium fluoride, tí ó ń dá ìwúkàrà àti kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́ kọ́. Fún ẹ̀jẹ̀ òkú, ó kéré tán gíráàmù kan sí méjì fluoride ni ó yẹ kí ó wà nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ sí i kún dé etí kí afẹ́fẹ́ má ráyè, wọ́n á dé e pinpin, wọ́n á yí ìgò náà sókè-sódò lọ́pọ̀ ìgbà kí ìyẹ̀fun lè yọ́ tán, wọ́n á sì gbé e sínú fíríìjì.

Ohun tí ó fa gbogbo wàhálà yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe burúkùtù, ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń mu káàkiri Àríwá. Wọ́n á jẹ́ kí ọkà náà hù, wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ nínú ooru kí ìwúkàrà lè sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn pẹ̀lú, àgàgà ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ìwúkàrà àti kòkòrò àìfojúrí sì wà nínú ìfun gbogbo wa. Nígbà tí èèyàn bá kú, tí kò sí ohun tí ó ń dá wọn dúró mọ́, wọn a jáde láti inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ooru Kánò máa ń súnmọ́ ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí iná mọ̀nàmọ́ná sì lè lọ ní mọ́ṣúárì láti àárọ̀ di alẹ́, òkú tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀ lè ní ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìpọntí lẹ́yìn ikú ni a lè pe èyí. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ, nítorí ọtí gidi ni ẹ̀rọ rí. Ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀ ni ìgbà tí ọtí náà débẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò rọrùn láti lóye ju bí orúkọ rẹ̀ ti le lọ. Òṣìṣẹ́ yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, tí kì í sábà tó mílílítà kan, sínú ìgò ṣóńṣó mìíràn, yóò sì fi ìwọ̀n propanol kan tí ó mọ̀ dájú kún un. Propanol náà jẹ́ ọtí kan tí kì í sábà sí nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, òun sì ni òṣùwọ̀n tí wọn yóò fi díwọ̀n ìyókù, bí ìgbà tí oníṣòwò bá gbé òkúta ìwọ̀n sí apá kejì òṣùwọ̀n. Wọ́n á fi ìdérí alúmíníọ́mù lẹ ẹnu ìgò náà pa, wọ́n á sì mú un gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 60 sí 70. Nítorí pé ọtí yára láti di afẹ́fẹ́ ju omi lọ, yóò gòkè láti inú ẹ̀jẹ̀ wá sínú àlàfo tí ó wà lábẹ́ ìdérí. Bí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni ti inú àlàfo náà yóò ṣe pọ̀ tó. Afẹ́fẹ́ yìí nìkan ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yóò fà, ẹ̀jẹ̀ kò ní kan ẹ̀rọ rárá.

Ẹ̀rọ náà, tí a ń pè ní gas chromatograph, yóò wá tari afẹ́fẹ́ ọtí náà gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ká jọ bí wáyà, tí gígùn rẹ̀ lè tó mítà 30. Inú páìpù yìí dà bí ọjà tí èrò kún: ẹni tí kò ní ohun tí yóò rà yóò yára jáde, ẹni tí ó bá ń dúró ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò pẹ́. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ẹ́tánọ́ọ̀lù tí í ṣe ọtí mímu á tẹ̀ lé e, propanol á sì bọ́ sẹ́yìn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń jáde ni yóò bọ́ sínú iná kékeré kan, tí ìlà inú kọ̀ǹpútà yóò sì yọ ṣóńṣó bí orí òkè. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, iṣẹ́ ti parí. Páìpù méjì tí ìṣesí wọn yàtọ̀ ni àwọn ilé àyẹ̀wò tó dáńtọ́ ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé kẹ́míkà méjì lè bá ara wọn jáde nínú páìpù kan, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí wọ́n tún bá ara wọn jáde nínú èkejì. Ìwọ̀n 50 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀ ni òfin ìrìnnà Nàìjíríà fi ṣe ààlà fún awakọ̀. Bí ó bá kọjá 400, ikú ti ń kanlẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ti fi ọtí ṣe oúnjẹ lè ṣì máa rìn. Ẹ̀rọ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń ní kí awakọ̀ fọn afẹ́fẹ́ sí ń fi èémí díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ni, ó wúlò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni kóòtù máa ń gbọ́kàn lé jù.

Ohun tí ó mú kí ṣóńṣó àkọ́kọ́ lórí ìlà kọ̀ǹpútà yẹn, ti mẹ́tánọ́ọ̀lù, ṣe pàtàkì ni ìṣẹ̀lẹ̀ oṣù Kẹrin 2015 ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èèyàn bíi méjìdínlógún ni ìròyìn sọ pé ó kú láàárín ọjọ́ mélòó kan: orí á máa fọ́ wọn, ojú wọn á ṣókùnkùn, wọ́n á dákú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ. Àwọn ará ìlú kan ní òrìṣà ni ó ń bínú, nítorí pé wọ́n ti ba ojúbọ rẹ̀ jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹ kòkòrò àìsàn wò, kò rí i, ó sì kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Ẹ̀yìn èyí ni àyẹ̀wò wá fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, àti pé inú ògógóró ni ó gbà wọlé. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti bá mẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá 16.3 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó kọlù tó 1,500 sí 2,000 mílígíráàmù nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ 500 nìkan ti tó láti kó ìpayà bá dókítà. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Òótọ́ ni pé mẹ́tánọ́ọ̀lù díẹ̀ máa ń wà nínú ọtí tí a bá sè, pàápàá nínú omi àkọ́kọ́ tí ó kán, nítorí pé ìwọ̀n 65 ni ó ti ń hó, tí ẹ́tánọ́ọ̀lù kì í hó títí di 78. Ṣùgbọ́n ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ohun tí a lè fi lọ́rùn ìwúkàrà nìkan, ọwọ́ èèyàn ni ó yẹ kí a fura sí.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń fọ́ni lójú. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di formaldehyde, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, tí èyí yóò sì tún di formic acid, irú oró tí ó wà nínú oró èèrà. Òun ni ó ń ba iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Nítorí pé iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, ẹni tí ó mu ún lálẹ́ lè sùn kí ó sì jí láìmọ ohun kan, kí ojú rẹ̀ tó ṣókùnkùn ní ọ̀sán. Ibi tí ó wá yani lẹ́nu ni pé ọtí mímu gidi jẹ́ aporó rẹ̀: ohun kan náà ni ẹ̀dọ̀ fi ń lọ àwọn méjèèjì, ó sì fẹ́ràn ẹ́tánọ́ọ̀lù jù, nítorí náà bí dókítà bá fún aláìsàn ní ẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí oògùn fomepizole, mẹ́tánọ́ọ̀lù yóò dúró láìyípadà títí ara yóò fi tú u jáde tàbí tí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ ọ́. Onímọ̀ tí ó bá rí ọtí méjèèjì nínú ẹ̀jẹ̀ òkú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè irú ìtọ́jú tí ó rí gbà, kí ó má baà sọ oògùn di ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà a máa ka nǹkan mìíràn mọ́ ọtí tí kò sí ní ilé ọtí kankan. Ọ̀kan nínú wọn ni diethylene glycol, omi aládùn kan tí wọ́n ń lò nínú omi bíréèkì ọkọ̀. Ní 1990, ó wà nínú oògùn paracetamol olómi tí ó pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ìbàdàn àti Jos. Ní ìparí 2008, ó tún wà nínú oògùn eyín ọmọdé kan tí ń jẹ́ My Pikin, tí ọmọ 84 sì ti kú nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Àwọn ọmọ náà kò lè tọ̀ mọ́, nítorí pé kíndìnrín wọn ti kú. Ní ti àyẹ̀wò, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ korò: ìwọ̀n 245 ni omi yìí ti ń hó, kò sì ní gòkè wá sínú àlàfo ìgò tí a mú gbóná dé 60 tàbí 70, nítorí náà ilé àyẹ̀wò tí ó bá yẹ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò ní ọ̀nà tí a ṣàlàyé lókè yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ọtí níbẹ̀, kò sì ní purọ́. Ohun tí a kò bi ẹ̀rọ kì í dá a lóhùn.

Ìdí nìyí tí onímọ̀ májèlé fi gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń tà ní àdúgbò rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Sabon Gari jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà oògùn tó tóbi jù ní Àríwá, kí wọ́n tó kó àwọn oníṣòwò náà lọ sí Dangwauro ní 2024. Kódíìnì olómi, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fojú bù pé wọ́n ń mu tó ìgò mílíọ̀nù mẹ́ta lóòjọ́ ní Kánò àti Jigawa kí ìjọba tó fòfin dè é ní 2018, a máa di mọfíìnì nínú ara, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ sì lè sọ pé ọmọ ẹbí mọfíìnì kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ èwo nínú wọn ni. Ẹ̀rọ tí ń fọ́ kẹ́míkà sí wẹ́wẹ́ kí ó tó wọn àfọ́kù rẹ̀ ni ó lè jẹ́rìí sí i. Ní oṣù Kẹta 2021, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kánò dédé ń bì, wọ́n sì ń tọ ẹ̀jẹ̀, ojú sì lọ sára ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe júùsì àti èyí tí wọ́n ń pè ní ɗan tsami, tí ó ń mú ohun mímu kan. Àyẹ̀wò ọtí lásán kò lè ran irú wọn lọ́wọ́.

Ọ̀tá-pia-pia, oògùn ẹ̀fọn àti aáyán tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kéékèèké tà ní títì, tún ní ìṣòro tirẹ̀. Dichlorvos tí ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó túká, bí olè tí ó ti sá lọ ṣùgbọ́n tí ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní fífọ́. Ilẹ̀kùn fífọ́ náà ni onímọ̀ ń yẹ̀ wò: cholinesterase, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń pa iná iṣan lẹ́yìn tí iṣan bá ti ṣiṣẹ́, tí májèlé yìí sì máa ń sọ di aláìlágbára, tí itọ́ yóò fi máa da lẹ́nu, tí ẹ̀dọ̀fóró yóò sì kún fún omi. Ṣùgbọ́n fluoride, ìyẹ̀fun funfun tí a ti yìn látẹ̀yìnwá, ń dá cholinesterase náà dúró. Ìgò tí ó bá gba ọ̀rọ̀ ọtí là ni yóò ba ọ̀rọ̀ ọ̀tá-pia-pia jẹ́, nítorí náà ìgò méjì ni ó yẹ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí, ọ̀kan pẹ̀lú fluoride, ọ̀kan láìsí i. Kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye tí ó lè ṣàtúnṣe sí àṣìṣe ẹni tí ó mú ìgò kan ṣoṣo wá.

Ìsìnkú kíákíá ni ọ̀rọ̀ tí ó kù, àwọn ará Kánò sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀gágun Sani Abacha, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, kú ní Àbújá ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1998, wọ́n sì sin ín ní Kánò lọ́jọ́ náà gan-an láìyẹ òkú rẹ̀ wò; àhesọ pé wọ́n fún un ní májèlé jẹ kò sì tíì kú. Nígbà tí MKO Abíọ́lá, olóṣèlú tí ìjọba ológun náà fi sátìmọ́lé, kú ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún náà, àwọn dókítà láti òkè òkun wá yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n sì ní àìsàn ọkàn tó ti pẹ́ ni. Àhesọ kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó kéré tán ìwé kan wà tí a lè gbé síwájú ẹni tí ó bá ń jiyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, wọ́n sin Ilerioluwa Aloba, olórin tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí MohBad, ní ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, wọ́n sì hú òkú náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Dókítà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tí ó pa á, nítorí pé òkú náà ti ń jẹrà.

Ìsìnkú kíákíá kò sì bá àyẹ̀wò jà bí àwọn èèyàn ṣe ń rò. Fífa ẹ̀jẹ̀ láti itan, ìtọ̀ láti inú àpò ìtọ̀, àti omi inú ẹyinjú kò gba wákàtí kan, a sì lè parí rẹ̀ kí wọ́n tó wẹ òkú. Omi ẹyinjú ni ó ṣe iyebíye jù nínú wọn, nítorí pé ẹyinjú jìnnà sí ìfun, awọ rẹ̀ sì nípọn, kòkòrò kì í tètè wọlé síbẹ̀. Ká ní wọ́n mú òkú ọkùnrin kan wá láti Sabon Gari sí ilé ìwòsàn ìjọba, tí ó ti pé ọjọ́ kan nínú ooru, tí ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ sì ní ẹ́tánọ́ọ̀lù 60 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà: ó ti kọjá ààlà awakọ̀. Lórí ìlà kejì ìwé náà, omi ẹyinjú: kò sí. Lórí ìlà kẹta, ìtọ̀: kò sí. Lórí ìlà kẹrin, ethyl glucuronide, ohun tí ẹ̀dọ̀ alààyè nìkan lè ṣe nígbà tí ó bá lọ ọtí: kò sí. Onímọ̀ náà yóò wá fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pé lẹ́yìn ikú ni wọ́n pọn ọtí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yìí.